Abẹ́ Igi Ló Bí Wa: Ìtàn Ìjókòó Ìta ní Òṣogbo àti Àyíká Rẹ̀

 

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé níbo ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, a kì í dárúkọ gbọ̀ngàn kankan. Abẹ́ igi máńgòrò la máa ń sọ. Ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ní ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ìsìnkú ìyá ọ̀kan nínú wa, àwa mọ́kànlá tí a jọ jẹ́ ọ̀gbà jókòó sórí àga onírọ́bà níwájú ìsọ̀ ìyá kan tó ń ta ẹmu, bíà àti ẹran díndín. Ẹnikẹ́ni kò pe ìpàdé. Òùngbẹ ló gbé wa débẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti dá ẹgbẹ̀rún kan náírà kọ̀ọ̀kan jọ fún ọlọ́fọ̀, a ti kọ orúkọ wa sẹ́yìn páálí bíà, a sì ti dá ọjọ́ tí a ó tún padà wá. Páálí náà ṣì wà lọ́wọ́ akọ̀wé wa títí dòní.

Nígbà tí wọ́n ní kí a kọ ìtàn sínú ìwé àyájọ́ yìí, a rí i pé a kò lè sọ ìtàn ẹgbẹ́ láìsọ ìtàn irú ibi tó bí i. Ọ̀rọ̀ kan sì tún wà nílẹ̀ láàárín wa báyìí nípa ilẹ̀ tí a rà, èyí tí ìtàn yìí lè ràn wá lọ́wọ́ láti yanjú. A ó dé ibẹ̀.

Ẹmu kì í gbé inú yàrá

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìjókòó ìta ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdí ẹmu la ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé Olódùmarè rán Ọbàtálá láti wá dá ilé ayé. Ó bá ẹmu pàdé lọ́nà, ó mu ún yó, oorun sì gbé e lọ. Odùduwà gbé àpò ìwà, ó sọ̀ kalẹ̀ sí Ifẹ̀, ó sì ṣe iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà ni ẹmu ti di èèwọ̀ fún àwọn tó ń bọ Ọbàtálá. Àwọn baba wa tó ń sọ ìtàn yìí kò torí ẹ̀ lé ẹmu kúrò láàárín ìlú. Wọ́n ń mu ún níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìgbéyàwó àti níbi ìsìnkú àgbà, wọ́n sì ń fi ìtàn náà kìlọ̀ fún ara wọn pé ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ńlá kò gbọ́dọ̀ sùn sọ́nà.

Ìdí tí ẹmu fi jẹ́ ọtí ìta kò ṣòro láti mọ̀. Adẹ́mu ń fi igbà gun ọ̀pẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èyí tó bá gbé sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ a máa dùn bí oyin; tó bá di ọ̀sán ó ti ń hó; tó bá di alẹ́ ó ti le; tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mu ojúlówó ẹmu láyé àtijọ́ ní láti lọ bá a níbi tó wà, lọ́jọ́ tí wọ́n dá a. Bí ìsọ̀ ẹlẹ́mu ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹ̀bá ọ̀nà oko, ẹ̀yìn ọjà, ìdí igi odán tó ní ibòji. Bẹ́ǹṣì méjì, akèrègbè kan, ahá mélòó kan, ó parí.

Ẹni tó kéré jù níbẹ̀ ló ń bu ẹmu fún àwọn tó kù. Níbi tí ọ̀gbà bá pọ̀ sí, ọ̀rọ̀ yìí a máa di àríyànjiyàn. Kí ìwé ọjọ́ ìbí tó wọ́pọ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tí wọ́n bí ènìyàn ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí. Ẹnì kan á ní wọ́n bí òun lọ́dún tí rélùwéè dé Òṣogbo. Èkejì á ní òun ti ń rìn nígbà yẹn, òun fojú ara òun rí i. Níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó bu ẹmu ni wọ́n ti ń mọ ẹni tí í ṣe ọ̀gbà ara wọn.

Àwọn ìyá wa náà kò gbẹ́yìn. Àwọn ni wọ́n ń fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, tí wọ́n ń fi ọkà bàbà pọn ọtí bàbà. Àgbàlá ilé wọn ni wọ́n ti ń tà á. Títí di òní, bí ẹ bá rí ibi ìjókòó ìta tó dára ládùúgbò, ẹ bèèrè ẹni tó ni ín. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ obìnrin.

Rélùwéè, jíìnì, àti ọtí tí kò lè jókòó síta

Rélùwéè dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, ó sì dé Òṣogbo lọ́dún 1907. Ọtí òyìnbó ti wọ ilẹ̀ wa láti Èkó kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, pàápàá jíìnì láti ilẹ̀ àwọn Dọ́ọ̀ṣì àti Jámánì, èyí tí a ṣì ń lò níbi ètùtù, ìdána àti ìwúre. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó dé, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí jíìnì yìí wà lára ohun tó ń mówó wọlé fún wọn jù lọ ní Gúúsù Nàìjíríà. Lọ́dún 1919, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ṣàkóso Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn pé kí wọ́n dẹ́kun kíkó ọtí líle olówó pọ́ọ́kú wọlé.

Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn wa kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ẹmu kí ó di ògógóró. Ìjọba amúnisìn fi òfin dè é. Ọlọ́pàá ń wá a kiri, wọ́n ń fọ́ ìkòkò, wọ́n ń kó ènìyàn lọ sí kóòtù. Nítorí náà, inú yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń mu ún, ní kíákíá, ẹnì kan tàbí ẹni méjì. Inú ẹmu kan náà ni ògógóró ti jáde, ṣùgbọ́n kò ní àwùjọ. Ẹni tó ń mu ohun tí òfin lé kò lè jókòó síta kí ó máa ké sí ẹni tó ń kọjá pé, “Ẹ yà o, ẹ wá jókòó.”

Nígbà kan náà, àwọn òyìnbó ní kílọ́ọ̀bù tiwọn, pẹ̀lú koríko gígé àti àga lábẹ́ ibòji. Àwa ń wọ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé àwo. Lọ́dún 1947, wọ́n kọ̀ láti fún Ivor Cummings ní yàrá ní Bristol Hotel l'Ékòó. Ọ̀gá ni nínú iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wá láti Lọ́ńdọ́nù, ṣùgbọ́n ènìyàn dúdú ni. Ariwo sọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà fi ẹ̀hónú hàn, lọ́dún kan náà ni Gómìnà Richards sì pàṣẹ pé kí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin. Ẹ jẹ́ kí a rántí èyí nígbà tí a bá rò pé ọ̀rọ̀ ibi ìjókòó kò tó nǹkan. Ibi tí ènìyàn lè jókòó sí àti ẹni tó lè bá jókòó jẹ́ ọ̀rọ̀ iyì.

Gìtá, lẹ́yìn náà bíà

Ní àwọn ọdún 1930, àwọn ọ̀dọ́ l'Ékòó ń pé jọ ní ìrọ̀lẹ́ ládùúgbò Olówógbowó, wọ́n ń mu, wọ́n ń ta gìtá. Tunde King wà lára wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni a ti rí ìbẹ̀rẹ̀ orin tí a wá mọ̀ sí jùjú. Gìtá tàbí bánjò kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan àti tanboríìnì kan tó fún ìdí ẹmu. Ẹni tó ń kọrin ń gbọ́ ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sì ń gbọ́ orin. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò tíì dé.

Lọ́dún 1946 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Nigerian Breweries sílẹ̀, ìgò Star àkọ́kọ́ sì jáde l'Ékòó ní oṣù Kẹfà 1949. Lọ́dún 1962, Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn tirẹ̀ ní Ìkẹjà. Nígbà tó di ìparí ọdún 1978, International Breweries bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Iléṣà, tí kò jìnnà sí wa rárá. Trophy tí púpọ̀ nínú wa ń mu lónìí, ọmọ Iléṣà ni. Bíà yàtọ̀ sí ẹmu, nítorí ó lè pẹ́ nínú ìgò. Ohun tó ń fẹ́ ni òtútù. Nítorí náà ni ẹni tó ní fíríìjì fi ń sọ yàrá àlejò rẹ̀ di ilé ọtí, tí a ń pè é ní bíà pálọ̀. Fíríìjì wà nínú pálọ̀, ṣùgbọ́n kí aago márùn-ún tó lù, àwọn oníbàárà ti gbé àga jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́n bọ́ sábẹ́ igi. Bíà gba orúkọ pálọ̀, ó sì ń gbé ìta bíi ti ẹmu.

Bíà pálọ̀ tó di ilé eré

Ọmọ Òṣogbo kò gbọ́dọ̀ kọ irú ìtàn yìí kí ó má dárúkọ Dúró Ládípọ̀. Popular Bar ni orúkọ ilé ọtí rẹ̀ ní ìlú yìí. Lọ́dún 1961, Ulli Beier àti àwọn òǹkọ̀wé bíi Wọlé Ṣóyínká dá Mbari Club sílẹ̀ n'Íbàdàn. Lọ́dún 1962, Dúró Ládípọ̀ àti Beier sọ Popular Bar di irú rẹ̀ fún Òṣogbo. Àwọn ará ìlú gbọ́ orúkọ Ìgbò náà, wọ́n yí i sí èdè tiwọn: “Mbárí Mbáyọ̀”, pé bí a bá rí i, a ó yọ̀.

Ẹ wo ohun tó jáde láti ibi tí wọ́n ti ń ta bíà tẹ́lẹ̀. Ọba Mọ́rò jáde lọ́dún 1962, Ọba Kòso lọ́dún 1963, nígbà tó sì di 1964, wọ́n ti gbé Ọba Kòso dé Berlin. Níbẹ̀ kan náà ni Twins Seven Seven, Múráínà Oyèlámì, Jímọ̀ Búráímọ̀ àti àwọn mìíràn ti rí ọ̀nà iṣẹ́ ọnà tí ayé fi mọ̀ wọ́n. Búráímọ̀ ń bójú tó iná mànàmáná fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládípọ̀. Twins wọlé gẹ́gẹ́ bí oníjó. A kò sọ pé ọtí ló ṣe é. Ẹni tó bá ń kọjá lè yà wọlé, ẹni tó bá yà wọlé lè rí iṣẹ́ kan ṣe: ìyẹn ló ṣe é.

Ìwé kan tún wà tó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ rántí. Lọ́dún 1952 ni Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde ní Lọ́ńdọ́nù. Kọ́lá Ògúnmọ́lá sì sọ ọ́ di eré Yorùbá, Lánkẹ́ Ọ̀mùtí, ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1963. Gbogbo wa mọ ọ̀mùtí tó wá adẹ́mu rẹ̀ dé ìlú àwọn òkú. Ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí ni ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Nígbà tí adẹ́mu já bọ́ láti orí ọ̀pẹ tó sì kú, tí ẹmu tán, àwọn ọ̀rẹ́ tó ń kún ilé ọkùnrin náà kò wá mọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ nídìí ọtí ló yẹ kó bi ara rẹ̀ pé: bí ẹmu bá tán lónìí, ta ni yóò kù?

Bí a ṣe ń dá ibi tó dára mọ̀

Lóṣù Kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, àlejò máa ń bi wá pé, “Níbo la ti lè jókòó?” Ohun tí a fi ń yan ibi tí a ó mú wọn lọ rèé.

Àkọ́kọ́ ni ibòji. Ibòji igi tutù ju ti páánù lọ; páánù a máa kó ooru jọ. Máńgòrò dára, dongoyárò dára, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó sábẹ́ máńgòrò nígbà tí èso rẹ̀ bá pọ́n, àyàfi bí ẹ bá wọ akoto. Èkejì ni ọ̀nà tí atẹ́gùn gbà ń wọlé àti gọ́tà. Bí gọ́tà bá dúró, ẹ̀fọn á lé yín lọ ní aago méje. Ẹ̀kẹta ni omi ìfọwọ́ àti ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́, pàápàá bí obìnrin bá wà nínú yín. Ẹ̀kẹrin ni ariwo: bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹnìkejì yín tó gbọ́, ẹ dìde. Ẹ̀karùn-ún ni ohun jíjẹ. Pẹpẹ súùpù gbígbóná àti ìgbín a máa mú kí ènìyàn rọra mu. Ẹ̀kẹfà ni kí ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti omi tútù wà fún ẹni tí kì í mutí, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdá mẹ́ta nínú wa ni ọ̀kan wọn kì í fẹnu kan ọtí, àwọn ni wọ́n sì máa ń pẹ́ jù níbi ìjókòó.

Èyí tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù: kí ẹni tó ni ibẹ̀ mọ orúkọ àwọn tó ń wá.

Ohun tí ojú wa rí

Ní ọdún kẹta ẹgbẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wa kúrò níbi ìjókòó ní aago mẹ́wàá alẹ́, ó ní ojú òun dá. Ó fi mọ́tò rẹ̀ gbá ọkọ̀ tó dúró lójú títì. Ó lo oṣù mẹ́ta nílé ìwòsàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì rí bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Gbogbo wa ló rí i nígbà tó ń wá kọ́kọ́rọ́. Kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀bi yẹn, tiwa ni. Láti ìgbà náà ni òfin ẹgbẹ́ ti sọ pé ẹni tó bá mutí yóò fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ akápò, ọ̀kan nínú àwọn tí kì í mutí ni yóò sì gbé e délé. Ìtàn Ọbàtálá kò tíì di ìtàn àtijọ́.

Nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan, tó jẹ́ télọ̀, kò wá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwa rò pé iṣẹ́ ọdún ló há a mọ́lé. Ìyá ẹlẹ́mu wa ló bèèrè. Ó fi ọwọ́ lé àga tí ọ̀rẹ́ wa máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó ni àga yìí ńkọ́? Ẹ lọ wò ó.” A lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. A bá a nílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, apá kan ara rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, aya rẹ̀ sì wà ní ìrìn àjò. A gbé e dé ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Òun náà yóò wà níbi ayẹyẹ yìí, òun ló sì rán kọ́là aṣọ tí ẹ rí lọ́rùn wa.

Nínú gbọ̀ngàn tí àga rẹ̀ pọ̀ tó ọ̀ọ́dúnrún, ta ni ìbá ti mọ àga tó ṣófo?

Lọ́dún 2020, nígbà tí ìjọba ti àwọn ilé ọtí nítorí àrùn Kòrónà, a rí bí ìrọ̀lẹ́ ṣe ń gùn tó láìsí ibi tí a ó lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fẹ ojú ọ̀nà. A kò kórìíra ọ̀nà tó dára, ṣùgbọ́n igi wa bá a lọ. Ìyá kó lọ sí ìsọ̀ kékeré tí kò ní ibòji. Àwọn ibòmíràn tí a ń lọ tẹ́lẹ̀ ti mọ odi gíga yí ara wọn ká, wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn síbẹ̀. Ẹni tó ń kọjá kò lè rí ẹni tó wà nínú wọn, ẹni tó wà nínú wọn kò sì lè pè é.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa

Èyí ló mú wa dé ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ẹgbẹ́ ti ra pílọ́ọ̀tì méjì. Àwòrán ilé tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá gba gbogbo ilẹ̀ náà: gbọ̀ngàn ńlá, ẹ̀rọ amúlétutù, odi gíga, géètì. Igi máńgòrò méjì tó wà lórí ilẹ̀ náà yóò lọ. A mọ ìdí tí àwọn kan fi fẹ́ ẹ. Gbọ̀ngàn ń mówó wọlé, ó sì ń fi hàn pé ẹgbẹ́ dàgbà.

Èrò tiwa, lẹ́yìn tí a ti wo ìtàn yìí, ni pé kí a kọ́ gbọ̀ngàn sí ẹ̀yìn, lórí ìdajì ilẹ̀. Kí a fi ìdajì iwájú sílẹ̀ lábẹ́ àwọn igi náà, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì símẹ́ǹtì, ẹ̀rọ omi, àti odi tí kò ga ju ìbàdí lọ, kí ẹni tó ń kọjá lè rí wa, kí a sì lè pè é. Kí a fún Ìyá ní igun kan níbẹ̀ láìgba owó ilé. Òun ló kọ́kọ́ mọ orúkọ gbogbo wa. Ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ ni a ó dìbò lórí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wá.

Àwọn baba wa ní ẹyẹ ẹgbẹ́ ni ẹyẹ ń wọ́ tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹ náà nílò igi tí yóò bà lé.

Ọdún mẹ́wàá á di ogún, ogún á di àádọ́ta lójú ẹ̀mí wa. A ò ní fi ẹsẹ̀ kọ. Àga ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní ṣófo láìtọ́jọ́. Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Àṣẹ.